Ògiri Kan Ṣoṣo Tí Mo San Owó Rẹ̀ Lẹ́ẹ̀mẹta

Ilé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí wà ní Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́. Ilé alámọ̀ ni. Bàbá mi kọ́ ọ ní ọdún 1958, yàrá mẹ́rin lápá ọ̀tún, yàrá mẹ́rin lápá òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ láàárín wọn, ó sì fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ara rẹ̀ lóde, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó bá rí jájẹ ti ń ṣe láyé ìgbà náà. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn ní ọdún 2020 tí mo padà wálé, mo bá ìlà kan lára ògiri yàrá kejì lápá òsì. Ó bẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé, ó dagun wá sí ìsàlẹ̀, kò sì fẹ̀ ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Kí ọdún tó yí po, mo lè ki ẹ̀yìn ṣíbí bọ inú rẹ̀.

Owó ògiri yìí ni mo san lẹ́ẹ̀mẹta. Nínú àwọn tí mo pè sí i, ẹnì kan ṣoṣo ló bi mí ní ìbéèrè kí ó tó dá iye owó. Nítorí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni náà àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ni mo ṣe jókòó kọ ohun tí mo ń kọ yìí, kí ẹni tí ògiri tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sán má baà gba ọ̀nà tí mo gbà.

Ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin bíríkìlà kan nínú ìjọ wa. Ó wo ibi tó sán náà fún bí ìṣẹ́jú méjì, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Màmá, èyí ò tó nǹkan. Ẹ ra àpò sìmẹ́ǹtì kan, kí ẹ sì bá wa wá yanrìn bárò méjì.” Ó la ojú ibẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, ó po sìmẹ́ǹtì, ó dí i, ó dán an, mo sì ní kí wọ́n kun ọ̀dà lé e lórí. Ó dára lójú ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òjò àkọ́rọ̀ ọdún 2021 kò tíì rọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹrin tí ìlà mìíràn fi yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ó dí gan-an. Ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì tó ṣẹ́ kù sì ti di òkúta sínú yàrá ìkẹ́rù mi.

N kò lè dá ọmọ náà lẹ́bi tán. “Bá mi dí i” ni mo wí fún un, ó sì bá mi dí i. Bí ó bá ṣe pé “Bá mi wo ohun tó fà á” ni mo sọ, bóyá ì bá jẹ́wọ́ pé òun kò mọ̀, ìjẹ́wọ́ yẹn nìkan ì bá sì ti dá owó púpọ̀ dúró sápò mi.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ẹnì kan nínú ilé ti fi ìdáhùn náà lé mi lọ́wọ́ tipẹ́. Àbúrò bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ló ń gbé yàrá tó tẹ̀ lé e. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ló ti ń sọ pé ògiri yẹn máa ń làágùn, pàápàá ní ìdájí, àti pé àárín ọyẹ́ gan-an ni òun máa ń rí i. Èmi a ní, “Ẹ ṣé, mà,” n ó sì bá ọ̀nà mi lọ. Mo kà á sí ọ̀rọ̀ àgbàlagbà tí oorun kò kùn mọ́. Ta ló gbọ́ pé ògiri ń làágùn rí?

Ní ọdún 2022, àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Èkó fi nọ́ńbà ọkùnrin kan ránṣẹ́ sí mi, ó ní ẹnjiníà ni. Ọkùnrin náà gbé mọ́tò wá, ó wọ bàtà dídán kan tí kò fẹ́ kí amọ̀ kàn, ó sì ti ojú ọ̀nà wo ògiri náà. Ó ní kí a há gbogbo sìmẹ́ǹtì àtijọ́ kúrò, kí a fi ìṣó kan àwọ̀n onírin mọ́ amọ̀, kí a wá fi sìmẹ́ǹtì tó le dáadáa rẹ́ ẹ, ìwọ̀n sìmẹ́ǹtì kan sí yanrìn mẹ́ta. Ó ń dárúkọ ohun tí n kò gbọ́ rí, èmi náà sì ń mi orí pé, “Mo mọ̀, mo mọ̀.” Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò bá yé nawọ́ sókè, ojú wá ń ti èmi fúnra mi láti nawọ́ níwájú ẹni tí mo lè bí. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà 310 náírà ni gbogbo rẹ̀ jẹ mí, ohun èlò àti owó iṣẹ́ pọ̀, nítorí ó ní kí n kó o fún òun papọ̀, kí n má da ara mi láàmú.

Nígbà tó fi di oṣù Kẹwàá, ìsàlẹ̀ ògiri náà ti wú jáde bí ikùn aláboyún. Ní òru ọjọ́ kan, odidi ègé kan tó tó ilẹ̀kùn já bọ́ tòun ti àwọ̀n onírin rẹ̀. Ìyá Àgbà rò pé olè ni, ó figbe ta. Mo dúró síwájú òkìtì náà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, mo sì sunkún, kì í ṣe nítorí owó nìkan, bí kò ṣe pé mo rí amọ̀ tí bàbá mi fi ẹsẹ̀ gún nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, tó rọ̀ bọ̀kọ̀tọ̀ bí ẹ̀kọ. Ẹnjiníà kò gbé fóònù mọ́. Èmi àti àbúrò mi bínú síra wa fún bí oṣù méjì.

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, mo lọ bèèrè iye tí wọ́n ń ta búlọ́ọ̀kù, nítorí mo ti pinnu pé n ó wó ẹ̀gbẹ́ ilé náà pátápátá. Bàbá àgbàlagbà kan jókòó sórí àga gbọọrọ níbẹ̀, ó ń gbọ́ bí mo ṣe ń rojọ́ fún oníbúlọ́ọ̀kù. Ó bi mí pé, “Tíṣà, kí ló ń ṣe ògiri náà?”

Mo ní, “Ó sán ni, sà.”

Ó ní, “Mo gbọ́ pé ó sán. Mo ní kí ló ń ṣe é?”

Mo dákẹ́, n kò rí nǹkan sọ.

Mọlémọlé ni bàbá yìí. Ẹ̀ka iṣẹ́ òde ti ìjọba ló ti kọ́ṣẹ́, ṣáájú kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1976, kò sì fi bẹ́ẹ̀ gun àkàbà mọ́. Ó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà ni òun yóò gbà láti wá wo ilé náà, wíwò lásán. Inú mi kọ́kọ́ ru. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bi í pé kí ni wọ́n ń sanwó wíwò fún, kí n tó rántí pé èmi tí mo ti kó ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà 300 fún ẹni tí kò wò ó rárá ni mo fẹ́ máa ná owó ojú.

Nígbà tí ó wá ní ọjọ́ kejì, kò dé ibi tó sán náà títí wákàtí kan fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá. Ó yí ilé po lẹ́ẹ̀mejì. Ó wo etí òrùlé, ó wo ibi tí òṣòòrò ti gbẹ́ ilẹ̀. Ó bi mí pé ta ló ń gbé yàrá wo, ọdún wo ni a ṣe balùwẹ̀ sínú ilé, àti ibo ni omi rẹ̀ ń gbà lọ. Nígbà tí Ìyá Àgbà gbọ́ pé ó ń bèèrè, ó jáde síta, ó sì tún sọ ọ̀rọ̀ òógùn rẹ̀. Bàbá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó tì í, ó bi í pé ibo gan-an lára ògiri, ṣé òkè ni tàbí ìsàlẹ̀, ṣé ó máa ń pọ̀ sí i lọ́jọ́ tí àlejò bá pọ̀ nílé. Ìyá Àgbà ní bẹ́ẹ̀ ni, ọjọ́ tí àwọn ọmọ bá wálé ọdún ló máa ń pọ̀ jù. Bàbá náà dìde, ó fi irin gbẹ́ ihò tó tó àtẹ́lẹwọ́ sí ògiri náà ní ìwọ̀n orúnkún, ó bu amọ̀ inú rẹ̀, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́. Ọyẹ́ mú débi pé ètè mi ti bó, ó ti lé ní oṣù méjì tí òjò ti dá, síbẹ̀ amọ̀ náà rin débi tí mo lè fi mọ ìkòkò.

Àlàyé tí ó ṣe fún mi ni pé ògiri alámọ̀ kò kọ omi, bí ó bá ti lè rí ibi dá a padà sí afẹ́fẹ́. Bí ó bá gbẹ, ó le bí àpáta. Bí ìdí rẹ̀ bá rin tí kò sì rí gbẹ, gbogbo ẹrù òrùlé ni yóò máa tẹ ibi rírọ̀ náà mọ́lẹ̀, ibi tó bá sì rì ni òkè rẹ̀ yóò ti sán. Sìmẹ́ǹtì líle tí mo sanwó rẹ̀ ló wá dí ihò tí omi ì bá gbà jáde. Ó ní, “Ẹ wọ aṣọ ọ̀rá fún ẹni tó ń làágùn.” Òun náà kò mọ ibi tí omi ti ń wá ní àkókò yẹn, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ láìfi pamọ́. Ó ní kí a bi táǹkì omi ilé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí kò ná mi ní kọ́bọ̀. Ní alẹ́, mo fi omi kún táǹkì, mo ki igi gígùn kan bọ inú rẹ̀, mo fi ọ̀bẹ sàmì síbi tí omi dé. Mo kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé kí ẹnikẹ́ni má ṣí ẹ̀rọ omi títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ní àárọ̀, omi ti fi ìwọ̀n ìka méjì lọ sílẹ̀, èyí tí a ṣírò sí bíi garawa kan ààbọ̀. A kò lò ó, òjò kò rọ̀, ṣùgbọ́n omi ti lọ.

Púlọ́mbà tí bàbá náà mú wá ló tú ilẹ̀ balùwẹ̀. Ibi tí páìpù ti gba inú ògiri kọjá ni oríkèé rẹ̀ ti yẹ̀. Ọdún 2011 ni a ṣe é. Ìbàdàn ni mo wà nígbà náà, mo ń fi owó ránṣẹ́, mo sì ń gbọ́ lórí fóònù pé iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Ọjọ́ tí wọ́n so páìpù náà pọ̀ ni wọ́n da kọnkéré bò ó. Púlọ́mbà yìí fi hàn mí pé ó yẹ kí wọ́n nu ẹnu páìpù kí wọ́n tó fi gọ́ọ̀mù sí i, kí wọ́n kún un fún omi, kí wọ́n sì fi sílẹ̀ láìbò di ọjọ́ kejì kí ojú lè rí ibi tó bá ń jò. Níbi tó bá sì ti gba inú ògiri kọjá, inú páìpù mìíràn tó tóbi jù ú lọ ló yẹ kí ó wà, kí ògiri tó bá rì díẹ̀ má baà tẹ̀ ẹ́. Ó gbé tiwa gba ìta, níbi tí mo ti lè máa rí i lójoojúmọ́. Kò lẹ́wà lójú, ṣùgbọ́n n kì í wò ó fún ẹwà.

Lẹ́yìn èyí ni ìyà ìdúró wá bẹ̀rẹ̀. Bàbá náà ní kí a há gbogbo sìmẹ́ǹtì ìsàlẹ̀ kúrò, kí a fi igi gbé òrùlé ró, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kan ògiri náà mọ́ títí ìdí rẹ̀ yóò fi gbẹ. Ó gba nǹkan bí oṣù méjì. Àwọn ará àdúgbò ń kí mi pé, “Ẹ kú ìnáwó,” wọ́n sì rò pé owó ló tán. Wọn kò kúkú purọ́ jìnnà, nítorí ìgbà náà ni owó náírà tuntun wọ́n gógó káàkiri orílẹ̀-èdè, tí ènìyàn yóò tò ní báńkì láti àárọ̀ tí kò ní rí ẹgbẹ̀rún márùn-ún gbà. Gbogbo owó tí mo san ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹta ni mo fi fóònù san. Àwọn oníṣẹ́ kùn sí i gan-an, n kò sì mọ̀ pé yóò ràn mí lọ́wọ́ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn.

Nígbà tí ìdí ògiri gbẹ, àárín fèrèsé méjì nìkan ni a wó, a kò wó gbogbo ẹ̀gbẹ́ ilé bí mo ṣe gbèrò tẹ́lẹ̀. Búlọ́ọ̀kù ni a fi tún un kọ́, pẹ̀lú òpó kọnkéré ní igun méjèèjì. Bàbá náà kọ́ mi láti fi ìṣó ha búlọ́ọ̀kù kí n wò ó bóyá yóò máa ya bí iyọ̀, kí n sì ju ọ̀kan sílẹ̀ láti ìwọ̀n ìgbáròkó. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ búlọ́ọ̀kù oníńṣì mẹ́sàn-án tó dára kò ní retí kí ó ju bí ọgbọ̀n lọ nínú àpò sìmẹ́ǹtì kan, àmọ́ àwọn kan ń fa ogójì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ yọ. Nínú mẹ́ta tí mo jù sílẹ̀ ní ibi àkọ́kọ́ tí mo dé, méjì fọ́ yángá. Mo sanwó èyí tí mo fọ́, mo sì lọ sí ibòmíràn.

Ti irin yà mí lẹ́nu jù. Rọ́ọ̀dù mílímítà 12 ni mo ní kí wọ́n tà fún mi, ohun tí wọ́n sì pè é náà nìyẹn. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀. Bàbá náà ní ọ̀pá kan tó jẹ́ 12 lóòótọ́, tó sì gùn ní mítà 12, yóò wọn kílò 10 àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Àkókò kajú ni, àwọn tó ń ra kajú sì ti gbé ìwọ̀n wọn sí ẹ̀bá ọ̀nà káàkiri Ògbómọ̀ṣọ́. Mo bẹ ọ̀kan nínú wọn, a gbé ọ̀pá mẹ́ta tí wọ́n ti ká po lé orí ìwọ̀n kajú rẹ̀. Kílò 27 ni ó wọn, dípò bíi 32. Ẹni tó tà á fún mi kò jiyàn rárá nígbà tí mo dá a padà. Ó kàn fi ọwọ́ sí ìdí àkójọ mìíràn, ó ní, “Èyí tí ẹ̀yin ń fẹ́ nìyí, mà.” Ó ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé oríṣi méjì ló wà, èmi ni n kò mọ̀ pé ó yẹ kí n bèèrè.

Lẹ́yìn tí wọ́n da kọnkéré òpó tán, ó ní kí n máa bomi rin ín láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, nítorí kọnkéré tó bá yára gbẹ kò ní lágbára. Èmi tí mo ti fi ọdún mẹ́ta bínú sí omi, mo wá ń ru garawa lọ síbi ògiri kan náà! Ìyá Àgbà wò mí títí, ó ní òun kò lóye ìwé tí mo kà. Ní ti apá tó ṣì jẹ́ amọ̀, amọ̀ tí wọ́n pò mọ́ yanrìn àti koríko gbígbẹ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi rẹ́ ẹ, sìmẹ́ǹtì kò kàn án mọ́.

Ẹ má rò pé ọgbọ́n ti wá kún orí mi. A fẹ́ kí etí òrùlé yọ síta sí i kí òṣòòrò má baà máa ta sí ìdí ògiri, mo sì san gbogbo owó iṣẹ́ fún káfíńtà ṣáájú, nítorí ó ní ọmọ òun ń ṣàìsàn. Ó ṣe ìdajì, ó sì lọ síbi iṣẹ́ mìíràn. Kí ó tó lọ, ó bá mi palẹ̀ àwọn igi àtijọ́ tó tú sílẹ̀ mọ́, ó ní igi ìdáná ni wọ́n. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí bàbá náà dé, ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni igi náà. Agbọn olódù ni, èyí tí ikán kò lè jẹ, ó ti wà lórí ilé náà láti 1958 láìyẹ̀. Igi tútù tí a fi rọ́pò rẹ̀ ti ń lọ́ kí a tó kan páánù mọ́ ọn. Ó dùn mí ju owó lọ. Mo kó àkọsílẹ̀ owó tí mo fi fóònù san lọ sọ́dọ̀ olórí ẹgbẹ́ àwọn káfíńtà àdúgbò, láìlọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n pè é, ó sì padà wá parí iṣẹ́ rẹ̀. Igi bàbá mi kò padà. Àwọn oníṣẹ́ tó kù, ìpele ìpele ni mo san tiwọn, mo sì ń ra ohun èlò fúnra mi.

Ohun kan wà tí mo ṣe dáadáa nítorí pé mo gbọ́ràn. Bàbá náà ti ní kí n kó yanrìn àti òkúta sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí wọn kì í bàjẹ́, kí n sì máa ra sìmẹ́ǹtì ní ìwọ̀nba tí a óò lò láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Karùn-ún tí owó tìpà gbéra sọ, yanrìn mi ti wà lẹ́yìnkùlé, ewúrẹ́ ń sùn lé e lórí.

A parí ní oṣù Kẹjọ. Ní oṣù Kẹsàn-án, mo fi ìlà mìíràn han bàbá náà ní yàrá kẹta lápá ọ̀tún, tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kò sì sí omi kankan nítòsí rẹ̀. Ó wò ó títí. Ó ní òun kò tíì mọ ohun tó fà á. Ó gba pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ mi, ó fa ìlà kékeré sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, ó kọ ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó ní kí n máa wò ó lóṣooṣù bóyá yóò kọjá àmì náà. Títí di òní, kò tíì kọjá.

Láìpẹ́ yìí, bíríkìlà kan tó wá ṣiṣẹ́ nílé aládùúgbò yà wá mu omi lọ́dọ̀ wa, ó sì rí i. Ó ní, “Màmá, ẹ jẹ́ kí n bá yín dí èyí.” Mo bi í pé kí ló rò pé ó fà á. Ó sún mọ́ ògiri náà, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó ronú díẹ̀, ó ní, “Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún, mà.”